Nígbà tí Òṣùwọ̀n Bá Dúró: Àádọ́rin Ọdún Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

Ó ti tó àádọ́rin ọdún tí àwọn dókítà ti ń fi iṣẹ́ abẹ tọ́jú àwọn tó sanra kọjá ààlà, síbẹ̀ ohun kan wà tí kò tíì sí oríṣi iṣẹ́ abẹ kan tó borí rẹ̀: bó pẹ́ bó yá, ìwọ̀n ara á dúró sójú kan. Aláìsàn á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kílò á máa já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aṣọ á máa sọ̀ lọ́rùn rẹ̀, inú mọ̀lẹ́bí á máa dùn. Nígbà tó bá yá, òṣùwọ̀n ò ní lọ mọ́. Ó lè dúró lọ́sẹ̀ kẹta, ó lè dúró lóṣù kẹfà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò dúró láàárín ọdún kan sí méjì. Ìgbà náà ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ aláìsàn ni wọ́n sì ń darí rẹ̀ sí: kí lo ń jẹ? Ṣé kì í ṣe pé o máa ń jẹun ní kọ̀rọ̀? Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn iṣẹ́ yìí sọ ni pé wọ́n ń gbé ẹ̀bi náà ka ẹni tí kò yẹ. Ara ló ń dá òṣùwọ̀n dúró, kí a tó máa sọ ti ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún kí wọ́n tó gbà pé ohun tí wọ́n ń rí nìyẹn.

Kí ìtàn yìí tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ rárá, abẹ́ pápá ìṣeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Yunifásítì Minnesota ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù November ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ni wọ́n, wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí nípa ebi, torí pé ebi ń pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù lákòókò náà. Odindi ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì àti makaróní ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń rin bíi kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Wọ́n rù títí tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn fi lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́ ni pé agbára tí ara wọn ń ná nígbà tí wọ́n bá sinmi jẹ́ẹ́ dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá kan rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ara tó kù ti kéré. Apá kejì, ara ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà sẹ́yìn, bí ilé tí owó tó ń wọlé fún ti dín kù ṣe ń ṣọ́ owó ná. Òtútù ń mú wọn láìsí òtútù, ọkàn wọn ń lù lọ́ra, oúnjẹ nìkan ló sì wà lórí ẹ̀mí wọn. Àwọn kan nínú wọn ń ṣa ìwé ìdáná jọ, wọ́n sì ń lá abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ láti máa jẹun, wọ́n jẹ ju bí wọ́n ṣe ń jẹ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ lọ, ọ̀rá tó padà sára wọn sì ju èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò sanra rí, kò sì sí ẹni tó lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà. Ìwé ńlá alápá méjì tí Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa wọn jáde ní 1950.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, láti yunifásítì kan náà, ni Kremen, Linner àti Nelson tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ìfun. Wọ́n ti dán an wò lára ajá pé bí a bá dín ibi tí oúnjẹ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kù, ẹranko á rù. Èyí ló bí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe nítorí ìsanrajù: kí wọ́n so orí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, kí oúnjẹ gba ọ̀nà àbùjá kọjá láìjẹ́ pé ara rí i mú. Ní Los Angeles, J. Howard Payne àti Loren DeWind gbé e débi tó le. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà mélòó kan, wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 35 sílẹ̀ lókè, wọ́n fi 10 sílẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn ni oúnjẹ ń gbà kọjá nínú èyí tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1969. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti kọ́kọ́ so ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìfun ńlá, pẹ̀lú èrò pé bí aláìsàn bá ti rù tó bó ṣe yẹ, wọn á tún tú u palẹ̀, wọn á dá ìfun padà sípò, aláìsàn á sì máa gbé ìgbé ayé rẹ̀ lọ. Wọ́n tú u palẹ̀ lóòótọ́, àwọn aláìsàn náà sì sanra padà. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó ṣe kókó jù lọ nínú ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé àwọn tó ṣe é gbà gbọ́ pé ara tó bá ti rù á gba ìwọ̀n tuntun náà ní tirẹ̀. Ara kò gbà á.

Àwọn tí wọn kò tú tiwọn palẹ̀ náà rí nǹkan. Ìgbẹ́ gbuuru kò dá, òkúta ń dì sínú kíndìnrín, oríkèé ń ro wọ́n, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì bàjẹ́ débi tí ó fi pa wọ́n. Síbẹ̀síbẹ̀, ìwọ̀n ara wọn kò máa lọ sílẹ̀ títí. Láàárín ọdún kan sí méjì, ìwọ̀nba ìfun tó kù yìí nípọn sí i, ó gùn sí i díẹ̀, ó sì kọ́ bí a ti í gba oúnjẹ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí àwọn oníwádìí wá jókòó wọn oúnjẹ tí àwọn aláìsàn ń jẹ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: oúnjẹ tó ń ṣòfò nínú ìgbẹ́ nìkan kọ́ ló mú wọn rù, wọ́n kàn ń jẹun dín kù ni, ìfẹ́ oúnjẹ wọn ti yí padà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ rò pé ọ̀nà omi làwọn ń ṣe nínú ìfun, àṣé ìròyìn tí ìfun ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn jìnnà nígbà náà.

Edward Mason ní Yunifásítì Iowa gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé apá kan àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sábà sanra mọ́. Ní 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í pín àpòlúkù sí méjì, wọ́n so apá kékeré tó wà lókè mọ́ ìfun, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àpò òkè tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tóbi díẹ̀, àwọn aláìsàn rù, wọ́n sì dúró. Mason dín àpò náà kù, ó sì ń bá a lọ títí tó fi dé bíi mìlílítà 50 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó fi ìfun sílẹ̀ pátápátá, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn ní 1980, níbi tó ti fi pínnì onírin tín-ín-rín pín àpòlúkù lóròó, tó sì fi bẹ́líìtì kékeré tí kò lè nà yí ẹnu ọ̀nà àpò náà ká kí ó má baà fẹ̀. Láti 1966 sí àwọn ọdún 1980, ìtàn iṣẹ́ yìí kò ju ìtàn ìdínkù lọ: bí òṣùwọ̀n bá dúró, kí wọ́n dín àpò kù, bó bá tún dúró, kí wọ́n dín ẹnu ọ̀nà kù. Mathias Fobi, ọmọ Kamẹrúùnù tó ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, fi òrùka sí àpò iṣẹ́ abẹ Mason ti àkọ́kọ́ nítorí ìdí yìí kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti Rafael Capella sì gbilẹ̀ dé Brazil, tó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí jù lọ láyé lónìí. Mi ò fi ọwọ́ rọ́ ọgbọ́n wọn sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú ààbò tí àwọn aláìsàn òní ń jẹ ìgbádùn rẹ̀, ọwọ́ wọn ni ó ti wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n ń wá ìdáhùn ìbéèrè náà sí ibi tí ìdáhùn kò pọ̀ sí.

Ìgbà pínnì onírin yìí ló fi bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀bi ru aláìsàn hàn kedere jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà pínnì náà, wọn kì í gé àpòlúkù sí méjì, wọ́n kàn ń fi pínnì pa á dé láàárín ni. Pínnì náà ń tú. Oúnjẹ á máa gba ojú ihò náà bọ́ sínú àpòlúkù ńlá tí wọ́n ti ní ó ti jáwọ́, ebi á padà, kílò á padà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ti gbà níyànjú, tí wọ́n sì ti bá wí pé wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, kí wọ́n tó fi ẹ́ksíréè wo inú wọn, tí wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ abẹ náà ti tú. Látìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá méjèèjì kúrò lára ara wọn. Bẹ́líìtì Mason náà ní tirẹ̀. Ẹran àti ẹ̀fọ́ a máa há sí ẹnu ọ̀nà tóóró náà, wọ́n á sì mú èébì wá. Áísìkirímù àti wàrà dídùn a máa yọ̀ kọjá láìsí wàhálà. Ẹni tí ẹran ń mú bì lójoojúmọ́, tí ohun dídùn sì ń tù ú nínú, ohun tó máa jẹ kò ṣòro láti mọ̀. Ní 1987, Harvey Sugerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Virginia tẹ àbájáde jáde lẹ́yìn tí wọ́n fi ìbò pín aláìsàn sí iṣẹ́ abẹ méjèèjì: àwọn tí wọ́n so àpò wọn mọ́ ìfun rù ju àwọn oníbẹ́líìtì lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ jù láàárín àwọn tó fẹ́ràn ohun dídùn. Iṣẹ́ abẹ ló ń kọ́ wọn ní ìwà tí wọ́n wá ń tìtorí rẹ̀ bá wọn wí.

Ohun mìíràn tó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìyege ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Láti nǹkan bí 1980, ìlànà tó gbilẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n ṣírò iye kílò tí aláìsàn fi ju ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ lọ, kí wọ́n sì wo ìdá mélòó nínú rẹ̀ tó ti lọ. Ẹni tí kò bá ti pàdánù ìdajì, iṣẹ́ rẹ̀ ti kùnà. Ibo ni ìwọ̀n tó yẹ náà ti wá? Inú àtẹ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò Metropolitan Life ní New York ṣe ni, láti mọ iye tó yẹ kí àwọn oníbàárà máa san. Wọ́n gbé e jáde ní àwọn ọdún 1940, wọ́n tún un ṣe ní 1959 àti ní 1983. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó wọn kílò 130, tí àtẹ náà sì ní ó yẹ kó wọn 65. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ, kílò 30 lọ lára rẹ̀, òṣùwọ̀n dúró. Kílò 65 ni wọ́n ní ó fi lé, 30 nínú rẹ̀ kò pé ìdajì, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ara rẹ̀ tó ti lọ, ó lè ti máa gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ, ó sì ṣeé ṣe kí oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti dín kù. Ọ̀pọ̀ oníwádìí òde òní ti yípadà sí ìdá tó lọ nínú gbogbo ìwọ̀n ara, èyí sì dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n èrò ìdajì yẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn aláìsàn títí dòní.

Láti àwọn ọdún 1990 ni ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Walter Pories ní Yunifásítì East Carolina tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1995 lórí aláìsàn 608 tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 14, àkọlé ìwádìí rẹ̀ sì fi ìyanu rẹ̀ hàn: ta ló lè rò ó pé iṣẹ́ abẹ ló máa jẹ́ ìtọ́jú àtọ̀gbẹ àgbàlagbà tó múná jù lọ? Nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn padà sípò, ọ̀pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó rù rárá. Ṣúgà kò lè wálẹ̀ nítorí ọ̀rá tí kò tíì lọ. Nǹkan mìíràn ni iṣẹ́ abẹ náà ń ṣe. Ọdún kan ṣáájú, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ti rí leptin, họ́mọ̀nù tí ọ̀rá fi ń sọ fún ọpọlọ iye ọ̀rá tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin á dín kù, ọpọlọ á sì ka á sí ìyàn. Ní 1995 náà, ní Rockefeller, Rudolph Leibel, Michael Rosenbaum àti Jules Hirsch fi hàn pé ẹni tó bá pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ń ná agbára tó kéré sí iye tí ara tó kù yẹ kó ná. Ohun tí Keys rí lábẹ́ pápá ìṣeré ni wọ́n tún rí, lára àwọn tó sanra. Ní 1999 ni àwọn ará Japan, Kojima àti Kangawa, rí ghrelin, họ́mọ̀nù ebi tó ń ti àpòlúkù jáde. Ní 2002, David Cummings ní Seattle fi hàn pé ghrelin máa ń lọ sókè lára ẹni tó fi ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan rù, ṣùgbọ́n ó lọ sílẹ̀ gan-an lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ Mason ti àkọ́kọ́. Àwọn họ́mọ̀nù ìfun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti yó náà pọ̀ sí i lára wọn lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí a bá wá fi ìmọ̀ yìí padà wo ìdúró òṣùwọ̀n, ó yé ni. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, tó máa ń já ọ̀pọ̀ láyà, ọ̀rọ̀ omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ara a máa kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, bí ìdajì kílò lápapọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mú. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ kò wọlé, ara ná ṣúgà náà tán, omi rẹ̀ sì bá a lọ. Òṣùwọ̀n já kíá. Nígbà tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ rírọ̀, ara á tún kó díẹ̀ pamọ́ padà, pẹ̀lú omi rẹ̀. Ọ̀rá ń lọ lọ́wọ́, omi ń padà bọ̀, òṣùwọ̀n kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìdúró ti ọdún kan sí méjì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tó ti kílò 140 bọ́ sí 100, agbára tó fi ń dìde, tó fi ń rìn, tó fi ń mí kò tó ti àtijọ́ mọ́. Ara tún ń fọwọ́ fà sẹ́yìn lé e. Ebi sì ń padà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde bá ti dọ́gba ni òṣùwọ̀n á dúró sí. Iṣẹ́ abẹ sọ ibẹ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kò sì lè mú un kúrò pátápátá.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ohun tí mo sọ ni pé ìwà náà ń kó ipa. Òtítọ́ ni. Ẹni tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun dídùn, tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò rìn, tí kò jẹ amúaradàgbà tó, á dúró síbi tó ga ju ibi tí ì bá dúró sí. Àmọ́ ìwà nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín aláìsàn kan àti èkejì. Ní 2011, àwọn oníwádìí ní Boston wo àwọn tó jẹ́ ọmọ ìyá tàbí òbí àti ọmọ, tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà. Ìwọ̀n tí wọ́n pàdánù jọra gan-an. Wọ́n tún wo àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà láìjẹ́ ẹbí, wọn kò jọra ju àjèjì méjì lọ. Àwọn tí wọ́n ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà yàtọ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kan náà wà lára wọn jọra. Ọjọ́ orí ń kópa, àtọ̀gbẹ ń kópa, oògùn tí ẹni náà ń lò fún àìsàn mìíràn ń kópa, irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe náà ń kópa. Oríṣiríṣi ìwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú, tí a bá pín in dọ́gba, ń pàdánù ìwọ̀n díẹ̀ tó kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹfààní ìlera náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ Yorùbá tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní Houston tàbí ní London, tó ń fi ara rẹ̀ wé ẹni tó ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ń fi ara rẹ̀ jẹ ìyà tí kò nídìí.

Àtakò kejì le jù: bí ara á bá dúró ṣáá, kí la tún ń fi ọ̀bẹ gé ènìyàn fún? Ìdáhùn wà ní Sweden. Láti 1987, Lars Sjöström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ẹni 2,010 tó yàn láti ṣe iṣẹ́ abẹ, àti 2,037 tó jọ wọ́n tí kò ṣe. Láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tí wọ́n so àpò wọn mọ́ ìfun ti pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, àwọn oníbẹ́líìtì Mason 25, àwọn tí wọ́n kàn fi òrùka yí òkè àpòlúkù wọn ká 20. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n dúró, ó sì padà díẹ̀: nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ó jẹ́ 25, 16 àti 14. Ẹni tó bá ka ìṣirò yìí pẹ̀lú ojú àtijọ́ á ní wọ́n kùnà. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ rárá kò kúrò lójú kan fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni 129 sì kú nínú wọn, nígbà tí 101 kú nínú àwọn tó ṣe é. Ní Utah, wọ́n tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún ọdún 12: kílò 45 ló ti lọ lọ́dún kejì, 36 lọ́dún kẹfà, 35 lọ́dún kejìlá. Láàárín ọdún kẹfà sí ìkejìlá, kílò kan péré ló padà. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni àṣeyọrí iṣẹ́ abẹ náà. Òun ni dókítà ń wá, kò sì yẹ kí a máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní abẹ́rẹ́ tuntun ti dé, kò sí ohun tí ìtàn ọ̀bẹ tún ń kọ́ni. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wà, nítorí inú ìmọ̀ họ́mọ̀nù ìfun kan náà ni wọ́n ti jáde. Àmọ́ ẹ wo àbájáde wọn. Nínú ìwádìí semaglutide, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, ìwọ̀n ara dín kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Nínú ti tirzepatide, abẹ́rẹ́ mìíràn, ní 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 21 fún àwọn tó gba èyí tó pọ̀ jù, láàárín ọ̀sẹ̀ 72. Kí àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn tó pé ni ìlà tó ń fi ìdínkù náà hàn ti ń tẹ́ lọ. Àwọn tó dá abẹ́rẹ́ náà dúró sanra padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláìsàn Payne. Ọ̀nà yàtọ̀, ara kan náà ni.

Láàárín wa, ẹrù yìí tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wúwo. Ìkíni ni kí a sọ fún ènìyàn pé ó ti sanra, àníyàn ni kí a sọ pé ó ti rù. Nítorí náà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, yálà lókè òkun tàbí ní Èkó àti Àbújá tí wọ́n ti ń ṣe é báyìí, ń gbọ́ ẹ̀sùn méjì tó ta ko ara wọn: kílò ń já, wọ́n ní àìsàn ń ṣe é, kílò dúró, wọ́n ní ó fi owó ṣòfò. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí àwọn ará ilé jẹ́ kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní ìwọ̀nba láìfi ìfẹ́ rọ oúnjẹ lé e lábọ́, kí wọ́n sì bá a rìn nírọ̀lẹ́.

Fún ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ti dúró gan-an, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kó má sá fún ilé ìwòsàn. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti padà sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú kílò tí kò lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti lè wò ó bóyá nǹkan tú nínú, bóyá oògùn mìíràn ló ń mú un sanra, bóyá oorun rẹ̀ kò tó, bóyá ó yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kún un. Kó jẹ amúaradàgbà ṣáájú oúnjẹ yòókù, kó máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ kí iṣan rẹ̀ má baà lọ pẹ̀lú ọ̀rá, kó wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò lójoojúmọ́, kó sì fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, nítorí ìbàdí a máa dín kù nígbà tí òṣùwọ̀n kò lọ. Kó béèrè iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti bí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣe rí. Títí ayé ni yóò máa lo fítámì rẹ̀, ì báà jẹ́ pé kílò ń lọ tàbí ó dúró. Kó má dá a dúró, kó má sì pa ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ.